Nígbà tí Ìfarapa Bá Kan Ọkàn: Bí A Ṣe Lè Tètè Fura sí Àìsàn Ọkàn tí Másùnmáwo Ń Fà Lẹ́yìn Ìjàǹbá

Alága ìjókòó wa, ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin oníṣègùn àti nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú àfarabalẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkàn nígbà tí ara bá farapa. Inú mi dùn pé kókó yìí lẹ mú, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ̀ pé ìbànújẹ́ lè da ọkàn láàmú, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ tó kán lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ènìyàn bá ṣubú, tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán, tí nǹkan kan kò sì fara kan àyà rẹ̀ rárá, kí ló dé tí ilẹ̀ fi máa mọ́ ní ọjọ́ kejì tí kò sì ní lè mí délẹ̀ mọ́? Ọwọ́ ló kán, kí ló kan ọkàn níbẹ̀? Àwọn àgbà ti dáhùn kí a tó bí wa: ohun tó bá ojú ti bá imú. Kò sí ẹ̀yà ara kan tó ń jìyà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Eegun ló kán, ṣùgbọ́n gbogbo ara ló gbọ́, ọkàn sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́.

Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ, mo sì máa sọ ọ́ lásọtúnsọ. Lẹ́yìn ìfarapa, ibi yòówù kí ọgbẹ́ náà wà, bí àyà bá ń dun ènìyàn, bí èémí rẹ̀ kò bá délẹ̀, bí ọkàn rẹ̀ bá ń sáré tí kò sì dáwọ́ dúró, tàbí bí ó bá dákú, ẹ má ṣe pè é ní ìjayà lásán, ẹ má sì ṣe sọ pé ìrora ọgbẹ́ lásán ni, àfi tí a bá ti yẹ ọkàn rẹ̀ wò.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn

Ní ọdún 1980, àwọn oníṣègùn méjì ní Amẹ́ríkà, Cebelin àti Hirsch, kọ ìròyìn kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń tọ́jú ẹni tó farapa mọ̀. Wọ́n yẹ ọkàn àwọn ènìyàn 15 wò, àwọn tí wọ́n kú lẹ́yìn tí ẹlòmíràn ti ṣe wọ́n léṣe, ṣùgbọ́n tí ọgbẹ́ inú ara wọn kò tó ohun tó lè pa ènìyàn. Nínú ọkàn 11 lára àwọn 15 náà, wọ́n rí ìbàjẹ́ nínú ẹran ọkàn, irú èyí tí àpọ̀jù èròjà másùnmáwo máa ń dá síbẹ̀. Ẹ rò ó wò. Ọgbẹ́ tí ojú rí kọ́ ló pa wọ́n.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1990, Hikaru Sato àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Jàpáànù ṣàpèjúwe àìsàn tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, wọ́n sì sọ ọ́ ní Takotsubo, nítorí pé nígbà tí wọ́n ya àwòrán yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn lápá òsì, ó wú ní ìdí, ọrùn rẹ̀ sì fún, bí ìkòkò tí àwọn apẹja wọn fi ń mú ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ nì. Yàrá yìí ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, nítorí náà bí ó bá daṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo ilé ara ló máa mọ̀ ọ́n lára.

Báwo ló ṣe ń daṣẹ́ sílẹ̀? Lórí kíndìnrín wa kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀yà ara kékeré kan jókòó lé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti da adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ewu bá dé. Adrenaline yìí ló ń mú kí ọkàn sáré, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ròkè, kí ènìyàn lè jà tàbí kí ó lè sá. Àwọn iṣan ìmọ̀lára tó wọ inú ọkàn fúnra rẹ̀ náà ń tú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ọ̀rẹ́ wa ni, òun ló ń gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là ní ojú ìjàǹbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìfarapa bá le, tí ìrora pọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ dànù, tí ẹ̀rù tún wá gun orí gbogbo rẹ̀, èròjà náà lè ya wọ inú ọkàn ju ohun tí ọkàn lè gbà lọ. Ṣóńṣó ìsàlẹ̀ ọkàn ni agbára adrenaline sábà máa ń dé jù, ibẹ̀ náà ló sì máa ń kọ́kọ́ dákẹ́. Àwọn òpójẹ̀ wẹ́wẹ́ inú ẹran ọkàn á sún kì. Ìsàlẹ̀ ọkàn á wú, kò ní lè fún ẹ̀jẹ̀ jáde mọ́, òkè rẹ̀ á sì máa fún kíkankíkan láti dí àlàfo náà.

Ní ọdún 2005, àwọn oníṣègùn ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà wọn èròjà yìí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ìbẹ̀rù tàbí ìbànújẹ́ òjijì ti sọ ọkàn wọn di aláìlágbára. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí òpójẹ̀ ọkàn wọn dí gan-an, tí ọkàn wọn sì ti ń kùnà. Èròjà náà tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti àwọn yẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni ti àwọn yẹn fúnra wọn ti pọ̀ ju ti ẹni tí ara rẹ̀ le lọ.

Ẹ fi ìyàtọ̀ kan sọ́kàn, nítorí òun ni ìrètí wa wà. Nínú háàtì àtáàkì, òpójẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn ló dí, apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Nínú àìsàn tí à ń wí yìí, púpọ̀ jù lọ nínú ẹran ọkàn náà kò kú. Ó dákú ni. Ohun tó dákú lè jí, bí a bá gbé aláìsàn náà kọjá àwọn ọjọ́ tí ewu wà.

Ta ni ó ń ṣe?

Ìròyìn tí gbogbo ayé gbọ́ nípa àìsàn yìí ni ti opó tí ọkàn rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú. Òótọ́ ni, ó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ìtàn yẹn ti gba gbogbo àyè, tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí ẹni tó wà lórí ibùsùn ẹ̀ka ìtọ́jú eegun. Nígbà tí àwọn oníṣègùn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ kó àkọsílẹ̀ aláìsàn 1,750 jọ, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015, ohun tí wọ́n rí ni pé ìnira ara ló ṣáájú àìsàn náà lára ẹni 36 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti ìbànújẹ́ àti ìbẹ̀rù jẹ́ nǹkan bí 28. Àwọn bí 28 mìíràn kò ní ìdí tí a lè tọ́ka sí. Ìnira ara ló pọ̀ jù.

Nínú àkọsílẹ̀ yẹn kan náà, obìnrin tó mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ọjọ́ orí wọn sì súnmọ́ ọdún 67 tí a bá pín in dọ́gba, ìyẹn ni pé púpọ̀ wọn ti kọjá ìgbà nǹkan oṣù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má tíì fọkàn balẹ̀. Nígbà tó bá mú ọkùnrin, ìnira ara ni ó máa ń fà á fún bí ìdajì wọn. Ọkùnrin tí ó fara pa ní ojú ọ̀nà, tí ó ní àyà ń dun òun, kò gbọdọ̀ gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé àìsàn àwọn ìyá àgbà nìkan ni.

Irú ìfarapa wo? Eegun itan tó kán lẹ́yìn ìṣubú, ìjàǹbá ọkọ̀, iná tó jó ènìyàn, omi tó fẹ́ gbé ènìyàn lọ, ẹ̀jẹ̀ tó ya sínú ọpọlọ, orí tó fara gbá. Orí ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí láti inú ọpọlọ ni àṣẹ tó ń tú adrenaline sílẹ̀ ti ń wá. Iṣẹ́ abẹ tí a ṣe láti tún ọgbẹ́ náà ṣe lè fà á pẹ̀lú, nítorí ara kò mọ̀ pé dókítà ló mú ọ̀bẹ dání.

Bí a ṣe lè fura

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a ti dúró pẹ́ díẹ̀.

Mo rántí ìyá kan tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, tí ilẹ̀ yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀, tí eegun itan rẹ̀ sì kán lókè. Wọ́n gbé e dé, wọ́n fún un ní oògùn ìrora, wọ́n ya àwòrán eegun, gbogbo wa sì ń múra iṣẹ́ abẹ ọjọ́ kejì sílẹ̀. Ní òru, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí wọ́n gbé orí ibùsùn òun sókè. Wọ́n gbé e sókè. Ó ní kò tíì tó. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé, “Màámi, ẹ fara balẹ̀, ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ló ń bà yín.” Nọ́ọ̀sì òru ọjọ́ náà, ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, rí i pé ohun kan kò bára mu. Ẹni tí itan rẹ̀ kán, ìrora rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i bí a bá gbé e jókòó, ìdùbúlẹ̀ ni ó sì máa ń fẹ́. Kí ló wá ń lé ìyá yìí dìde? Ó súnmọ́ ọn, ó bi í léèrè pé, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ìrora ẹsẹ̀ ló ń dà yín láàmú ni?” Ìyá náà ní, “Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ń dùn mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti na ẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, èémí mi kì í bá mi délẹ̀ mọ́.”

Gbólóhùn yẹn ló gbà á là. Nọ́ọ̀sì náà ka ìlù ọkàn rẹ̀, ó rí i pé ó ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Ìfúnpá rẹ̀ ti wálẹ̀. Omi sì ti ń wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, nítorí ọkàn kò lè ti ẹ̀jẹ̀ síwájú mọ́. Ó pe dókítà lójú ẹsẹ̀, kò dúró de òwúrọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ọkàn wò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò mira. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: ká ní wọ́n ti gbé ìyá yẹn sùn gbalaja sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ní òwúrọ̀, ọ̀rọ̀ ìbá ti yàtọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ aláìsàn, ẹ máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ wo àyà tó ń dunni bí ẹni pé wọ́n gbé nǹkan wúwo lé e, pàápàá nígbà tí ìrora náà kò bá pọ̀ sí i bí a bá fọwọ́ tẹ ibẹ̀. Ẹ wo èémí kúkúrú lára ẹni tó ń mí dáadáa ní àná. Ẹ wo òógùn tútù, òòyì, èébì tí kò nídìí, ọkàn tó ń lù ségesège, àárẹ̀ òjijì tí ènìyàn kò fi lè parí gbólóhùn kan kí ó tó sinmi. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ sí ìfarapa, ó sì lè di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí gbogbo ẹbí ti ń dúpẹ́ pé ewu ti kọjá.

Èwo wá ni ti ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀? Ẹni tí orí rẹ̀ fara gbá, tí wọ́n fi oògùn kùn lóorun, tí ẹ̀rọ ń bá a mí, kò lè sọ pé àyà ń dun òun. Ara rẹ̀ ni yóò sọ ọ́. Ìfúnpá rẹ̀ á jábọ́ láìsí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, ọkàn rẹ̀ á sáré láìsí ibà, afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń fún un kò ní tó o mọ́, ìlà tí ECG, ẹ̀rọ tó ń ya ìlù ọkàn, ń fà á yí padà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní yàrá ìtọ́jú líle, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ẹ bá ti wá ẹ̀jẹ̀ tó ń dà tí ẹ kò rí i, ẹ rántí ọkàn.

Ọ̀rọ̀ pàtàkì kan rèé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni jókòó sílé kí ó sọ fún ara rẹ̀ pé Takotsubo ni, yóò lọ. Ìrora àyà lẹ́yìn ìfarapa ní baba púpọ̀, àwọn kan nínú wọn sì ń pani kíákíá. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ẹsẹ̀ tí a kò gbé fún ìgbà pípẹ́, kí ó sì rìn lọ dí òpójẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀rá inú mùdùnmúdùn eegun ńlá tó kán lè ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkẹta. Ọkàn fúnra rẹ̀ lè ṣèṣe bí àyà bá kọlu sítíárì ọkọ̀, ẹ̀jẹ̀ lè yí i ká kí ó sì fún un pa, ẹ̀dọ̀fóró lè lu, eegun ìhà lè kán, òpójẹ̀ ọkàn sì lè dí ní tòótọ́. Kò sí ojú ènìyàn, bó ti wù kó mọ̀wé tó, tó lè fi wíwò lásán ya gbogbo wọn sọ́tọ̀.

Ohun tí wọ́n máa ṣe ní ilé ìwòsàn

Wọ́n á ya ìlù ọkàn pẹ̀lú ẹ̀rọ ECG, ìlà rẹ̀ sì lè jọ ti háàtì àtáàkì pátápátá. Nígbà mìíràn, àkókò tí iná mànàmáná inú ọkàn fi ń padà sípò lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan máa ń gùn ju bó ṣe yẹ lọ, èyí sì lè mú kí ọkàn ṣèèṣì bọ́ sínú ìlù tó léwu. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lára aláìsàn. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ láti wo troponin, èròjà tí ẹran ọkàn tó ṣèṣe máa ń tú sílẹ̀. Nínú àìsàn yìí ó máa ń ga, ṣùgbọ́n kì í sábà ga tó bí a ti máa retí tí a bá wo bí ibi tó daṣẹ́ sílẹ̀ nínú ọkàn ṣe gbòòrò tó. Àyẹ̀wò echo ló máa ń fi ọkàn hàn bó ti ń mira, a kì í sì í gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ fún un, a lè ṣe é lórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n láti mọ̀ dájú pé òpójẹ̀ ọkàn kò dí, wọ́n sábà máa ń ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú òpójẹ̀ ọrùn ọwọ́ tàbí ti itan títí dé ọkàn, kí wọ́n sì fi oògùn tó ń hàn nínú àwòrán wò ó. Ti ìyá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo òpójẹ̀ rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ohun kan tí mo kà sí pàtàkì jù. Nígbà tí ìfúnpá ẹni tó farapa bá jábọ́, ọwọ́ wa tètè máa ń lọ síbi àwọn oògùn tó fara jọ adrenaline. Bí ó bá jẹ́ pé adrenaline ló bá ọkàn jà ní ìbẹ̀rẹ̀, oògùn bẹ́ẹ̀ lè dá kún wàhálà, pàápàá bí fífún kíkankíkan òkè ọkàn bá ti dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde. Ẹ jẹ́ kí a fi echo wo ọkàn kí a tó yan oògùn, níwọ̀n ìgbà tí àyè bá wà. Ìrora ọgbẹ́ náà kì í ṣe ohun tí a ń fi aláìsàn sílẹ̀ kí ó máa fara dà bí akíkanjú. Gbígbọ́ ìrora rẹ̀ àti títọ́jú rẹ̀ wà lára ìtọ́jú ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ tún lè dì sínú ibi tó wú tí kò mira, kí ó sì já lọ sí ọpọlọ, nítorí náà wọ́n lè fún àwọn kan ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e lé ìwọ̀n pẹ̀lú ewu kí ọgbẹ́ tún ṣẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé ńkọ́? Ẹ pe ọkọ̀ ìtọ́jú pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó fẹ̀yìn tì bí ọgbẹ́ bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rìn. Ẹ má ṣe fún un ní aspirin láti inú àpótí oògùn yín, nítorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ farapa lè máa ṣẹ̀jẹ̀ nínú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Kí ẹ sì sọ ìtàn náà tán fún dókítà: ìgbà tó ṣubú, ìgbà tí èémí bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, àwọn oògùn tó ń lò, bóyá ó ti ní àìsàn ọkàn rí. Ẹ má ṣe rò pé ìṣubú àná kò kan ìrora àyà òní. Ó kàn án.

Lẹ́yìn tí ó bá ti ń sàn

Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọkàn máa ń padà sí ìṣe rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìyá wa yẹn, wọ́n sún iṣẹ́ abẹ rẹ̀ síwájú díẹ̀ títí tí èémí rẹ̀ fi rọlẹ̀, wọ́n tún itan rẹ̀ ṣe, echo tí wọ́n sì ṣe fún un lẹ́yìn náà fi hàn pé ìsàlẹ̀ ọkàn rẹ̀ ti ń mira padà. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń rí bẹ́ẹ̀ o. Àwọn kan máa ń kú, àwọn tí ìnira ara fa tiwọn sì máa ń jìyà ju àwọn tí ìbànújẹ́ fa tiwọn lọ, nítorí wọ́n ń gbé ọgbẹ́ àti ọkàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mìíràn á ní ọkàn wọn ti padà sípò nínú àwòrán, ṣùgbọ́n àárẹ̀ á ṣì máa bá wọn jà fún oṣù púpọ̀. Ẹ gbà wọ́n gbọ́ nígbà tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀.

Àìsàn náà sì lè padà wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí náà kí ẹni tó ti ní i rí gba ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ó tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá tún fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ èyíkéyìí, ì báà jẹ́ ti eyín, kí ó sọ fún ẹni tó fẹ́ fún un lábẹ́rẹ́ pé irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ sí ọkàn òun rí, lẹ́yìn ìfarapa.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sílẹ̀. Mo rí ọwọ́ tó nà sókè lẹ́yìn lọ́hùn-ún; ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé ọ̀dọ̀ wọn.